Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Dì Mí Lójú

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ mí di akọni. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ mi gbà wá sáyé ti dàgbà, wọ́n ti bímọ tiwọn. Bí wọ́n bá pàdé mi lọ́nà oko, wọn á dọ̀bálẹ̀, wọn á ní, "Ìyá wa, ọwọ́ yín la bọ́ sí o." Màá rẹ́rìn-ín, màá súre fún wọn. Wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ tí wọ́n bọ́ sí yẹn, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ni ẹ̀rù ti ń bà mí, kò sì tíì tán lára mi títí di òní olónìí.

Nígbà ogun Ìjàyè ni. Abúlé wa wà lápá Lálúpọn, ilé bíi mélòó kan láàárín oko iṣu àti oko àgbàdo. Àwọn ọkùnrin tó lè gbé ìbọn ti tẹ̀lé olórí ogun wọn lọ. Àwa obìnrin, àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé ló kù tí à ń ro oko. Ẹnikẹ́ni kì í dá nìkan lọ sódò. Bí ẹyẹ bá fò lójijì nínú igbó, gbogbo wa á dúró, a ó máa tẹ́tí, torí àwọn ajínigbé ò jìnnà sí wa.

Ìyá mi ti kú kí ogun náà tó dé. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n kú sí, àwọn àti ọmọ inú wọn. Mo kéré gan-an, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹnì kan tì mí síta, ó fi agbè lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Lọ pọnmi wá." Mo lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé, ẹkún ti gba ilé kan. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin bá ń rọbí níbì kan, tí mo sì gbọ́ tí wọ́n ní "lọ pọnmi wá", àyà mi á já.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ ní abúlé kejì. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ lóyún rẹ̀ dábùú nínú wọn. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ yọ. Ọmọ náà ò yè, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí ìyá rẹ̀ bá a lọ. Èkejì wálẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá Ìyá Àgbà, agbẹ̀bí abúlé wa.

"Ìyá, ẹ bá mi kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́ yín," ni wọ́n wí. "Bí Ọlọ́run bá tún fi oyún jíǹkí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni màá bí i sí."

Ìyá Àgbà wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni ń wo adìẹ ọjà. "Ọwọ́ rẹ̀ kéré. Ìyẹn dára. Ojú rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Ojú ẹni tó fẹ́ sá ni."

Irọ́ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí a jáde, mo di aṣọ ẹ̀gbọ́n mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ó ń ba èmi náà," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù."

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ọmọṣẹ́ tí àwọn ìyá agbẹ̀bí agbègbè kò bá tíì dán wò, kí wọ́n sì yọ̀ǹda, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan obìnrin tó ń rọbí. Ìdí iná lààyè tirẹ̀, kó máa gbé omi kaná níta. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá rọbí kí wọ́n tó yọ̀ǹda mi, ìta ni mo máa wà. Ìta kan náà tí mo wà lọ́jọ́ tí ìyá wa kú.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́. Èkejì mi jẹ́ abilékọ kan láti apá Ẹgbẹ́dá, ó jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin. Iṣẹ́ ń pa wá kú, ẹ má tan ara yín jẹ! À ń ro oko Ìyá Àgbà, à ń pọnmi wọn, à ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lódò, à ń wá ewé, à ń gún un, à ń tẹ̀lé wọn lọ sílé aboyún nígbàkígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́. Nígbà tí ara bá sì ti rẹ̀ wá tán pátápátá ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé. Inú orí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Wọn á gbé ẹ̀gúsí síwájú wa, a ó máa bó o, a ó máa kà á létè: ewé tí ń rọ ikùn, ewé tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ewé tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, ohun tí à ń ṣe bí ọmọ bá dé tí kò ké, ohun tí à ń ṣe bí ibi bá pẹ́ lẹ́yìn ọmọ. Bí o bá ṣi ẹyọ kan, Ìyá Àgbà kò ní bá ọ jà. Ẹ̀gúsí mìíràn ni wọ́n máa bù kún tìrẹ. Ẹ̀gúsí tí mo bó lọ́dún yẹn á tó gbogbo Ìbàdàn se ọbẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò mi ń ro mí débi pé n kò lè fi í mú òkèlè.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti èkejì mi wà nínú igbó nídìí ewé, la bá gbóhùn ọkùnrin. A ò mọ ohùn náà. A dojú bolẹ̀ sábẹ́ ìtàkùn, ewé wà lábẹ́ àyà mi, èèrà ń gun ẹsẹ̀ mi, n kò lè mira. Wọ́n kọjá nítòsí wa débi pé mo gbóòórùn ẹ̀tù ìbọn lára wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, èkejì mi fẹnu sí mi létí.

"Kí ló dé tí o ò pariwo? Ká ní wọ́n kó wa lọ, ṣebí a ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò Ìyá Àgbà nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹkún ni mo ń sun.

Ṣùgbọ́n ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ewé. Ẹnu ni. Ìyá Àgbà ní agbẹ̀bí kò gbọdọ̀ sọ ohun burúkú létí aboyún. Ohun yòówù kí ọwọ́ rẹ bá nínú ikùn, ẹ̀yìnkùlé ni o ti máa sọ ọ́, fún ọ̀gá rẹ nìkan. "Ẹyin lohùn," ni wọ́n máa ń wí, "bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin tó bá gbọ́ pé ọ̀nà òun dí, ara rẹ̀ á le, ọ̀nà náà á sì dí lóòótọ́."

"Ṣé kí á wá purọ́ fún un ni, Ìyá?" ni mo bi wọ́n.

"Bí o bá purọ́ fún un, ara rẹ̀ á mọ̀, kò sì ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí o bá ní kó rọ́jú."

"Kí ni mo máa wá sọ?"

"Ìyẹn ni wọ́n máa dán ọ wò lé lórí," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì bu ẹ̀gúsí kún tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lóyún nígbà náà. Oyún náà ti yọ, ó ti ń tóbi, n kò sì fọwọ́ kàn án rí. Ìyá Àgbà ní a kì í fi ikùn ẹbí ẹni kọ́ṣẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá kí mi, ojú ni mo fi ń wọn ikùn náà. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ìdánwò tètè dé kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn. Bí mo bá ti bẹ̀ ẹ́ tán, màá tún bẹ̀ ẹ́ kó má dé rárá.

Ó dé. Lẹ́yìn ìkórè iṣu ni, òwúrọ̀ kùtùkùtù, ìrì ṣì wà lára koríko. Àwọn ìyá agbẹ̀bí mẹ́ta wá láti àwọn abúlé ìtòsí, wọ́n jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni wọ́n. Èyí tó ga jù nínú wọn ń jẹ orógbó, ojú rẹ̀ ò kúrò lára wa.

Èkejì mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n fi aṣọ dúdú dì í lójú, torí ọwọ́ àti imú ni wọ́n ń dán wò. Ó ṣi ewé kan, ó dá wọn lẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ikùn aboyún kan, ó ní orí ọmọ wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ń jó kọjá lára mi. "Máà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o fẹ́ tọ̀ sára," ló sọ fún mi.

Ó kàn mí. Wọ́n di aṣọ náà mọ́ mi lójú, ayé ṣókùnkùn. Wọ́n gbé igbá ewé sí mi lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo gbóòórùn èkíní, efinrin ni. Mo fọwọ́ pa èkejì, rinrin ni, ó tutù, ó yọ̀. Mo ń dá a mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ iṣẹ́ rẹ̀, títí mo fi kan asúnwọ̀n tí wọ́n fi pamọ́ sáàárín àwọn yòókù. Mo ní, "Èyí ń múni yàgbẹ́ gan-an ni. Aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án." Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní "hẹ̀n-ẹ́n".

Wọ́n bi mí nípa ibi ọmọ. Mo ní bí ọmọ bá ti wálẹ̀, a kì í gé okùn ìwọ́ rẹ̀ àfi bí ibi bá tẹ̀lé e. Mo ní bí ibi bá pẹ́, kí ìyá ọmọ máa fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú kèrègbè títí yóò fi bọ́. Ohùn mi ń gbọ̀n bí ohùn ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí díẹ̀.

Wọ́n wá mú aboyún kan jókòó síwájú mi, wọ́n fi òrí pa mí lọ́wọ́. Aboyún náà kò sọ̀rọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, ọwọ́ mi sì kan àpá kan tó le, tó hun jọ. Mo mọ àpá náà. Ẹ̀kọ gbígbóná ló dà sára ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n ń rò ó fún èmi ọmọ òrukàn. Orí mi o! Ikùn ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbé fún mi. Èmi tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!

Mo wá orí ọmọ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣófo. Mo wá a lókè, kò sí níbẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo ti bá a, ó le, ó rí roboto. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́bàá àpá yẹn. Ó dábùú. Gẹ́gẹ́ bíi ti èyí tó kú ló ṣe dábùú.

"Kí lọwọ́ rẹ bá?" Ohùn arúgbó gíga náà nìyẹn.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, n kò mọ bí mo ṣe lè ròyìn rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́. Bí mo bá ní ó dára, irọ́ ni mo pa fún ẹni kan ṣoṣo tí mo ní láyé. Mo dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ọmọ yìí mà tutù o! Àfi bí ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Tàbí ó ti sùn ni?"

"Ọmọ, à ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kí lọwọ́ rẹ bá?"

Mo gbọ́ tí arúgbó náà tutọ́ orógbó sílẹ̀. "Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tú aṣọ lójú rẹ̀, kó padà sídìí ẹ̀gúsí."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí. Ohùn mi kéré débi pé mo ní láti tún un sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ fún mi ní òrí sí i."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, mo sì bá òrí tútù ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ikùn náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ikùn bá le, màá dúró. Bó bá rọ̀, màá ti orí ọmọ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, màá fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo ti rí i tí Ìyá Àgbà ṣe é. Èmi fúnra mi ò ṣe é rí. Mo ń rò ó pé bí mo bá tì í jù, màá pa wọ́n méjèèjì. Òógùn ń ṣàn wọnú aṣọ tí wọ́n fi dì mí lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sì dákẹ́! Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ wọn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ewúrẹ́ àwọn wọlé lọ jẹ èlùbọ́ orogún àwọn, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní tí ọkọ àwọn fi ń kírun, ikùn rẹ̀ wú bíi tàwọn. Ọkọ àwọn dé, ó ní èwo nínú àwọn aboyún méjèèjì ni kóun kọ́kọ́ lé dìde. Àwọn arúgbó ń rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́, ẹ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín.

Lójijì, ọmọ náà yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó yí, ó lọ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni yí ara padà lórí ẹní. Mo wá orí rẹ̀, mo bá a nísàlẹ̀. Mo tún un wá kó tó dá mi lójú.

"Orí ọmọ wà nísàlẹ̀," ni mo wí, mo sì bú sẹ́kún.

Wọ́n tú aṣọ lójú mi. Ìyá Àgbà fà mí lọ sẹ́yìn abà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ò ti ní gbọ́.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n," ni mo pariwo sí wọn. N kò pariwo sí àgbà rí. "Ẹ mọ̀ pé ó dábùú kẹ́ ẹ tó gbé wọn fún mi!"

"A mọ̀. Àná ni gbogbo wa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bí n kò bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Èmi ni ǹ bá yí i. Ìwọ ì bá sì wà nídìí iná." Wọ́n nu òógùn ojú mi pẹ̀lú etí aṣọ wọn. "A ti yọ̀ǹda rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó yí, ó tún lè yí padà. Máa lọ bá a gbé."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni bá rò pé ẹni tó yege ìdánwò á sùn dáadáa, kó wá bi mí. Láràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kan ikùn náà kí n tó fọwọ́ kan omi. Bí ọmọ bá ta ẹsẹ̀, àyà mi á já. Bí kò bá ta á, àyà mi á tún já. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò tilẹ̀ rí ewúrẹ́ tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ yẹn ní gbogbo agbolé. Mo ní bóyá àwọn ọmọ ogun tó ń kọjá ti pa á jẹ.

Wọ́n rọbí ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan. Ìyá Àgbà ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, wọ́n di òpó ilé mú, èmi wà níwájú wọn. Ìrora ń gorí ìrora. Ìyá Àgbà wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Lọ pọnmi wá."

Mo rí agbè nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń mí gùlegùle.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni mo wí. "N kò lọ."

Ìyá Àgbà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé agbè, àgbàlagbà bí wọ́n ṣe tó, wọ́n jáde lọ pọnmi.

Orí ni mo kọ́kọ́ rí. Orí, ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe ọwọ́! Obìnrin ni. Kò ké. Ó wà lọ́wọ́ mi, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, èmi náà ò sì mí. Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú omi, wọ́n wọ́n ọn sí i lára, ọmọ náà já ohùn sókè. Ibi tẹ̀lé e, mo gé okùn ìwọ́ rẹ̀. Ariwo "ẹ kú ewu ọmọ" gba agbolé. Ewu iná kì í pa àwòdì.

Nígbà tí ilé dákẹ́ díẹ̀, tí ọmọ ti wà láyà ìyá rẹ̀, mo sún mọ́ wọn. Mo ní ọmọ ti jáde, ọ̀rọ̀ náà ti ṣeé sọ wàyí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ọmọ yìí dábùú."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Wọn ò gbójú kúrò lára ọmọ. "Èyí tó kọ́kọ́ dábùú, ṣé inú ẹlòmíì ló wà ni? Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó mú mi jókòó síwájú rẹ."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín? Ẹ wá ń sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́?"

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Mo ní bí mo bá dákẹ́, wàá gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù." Wọ́n wá fi ọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ewúrẹ́ wo, àbúrò mi? Èmi ò lẹ́wúrẹ́ rí."